Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Fi Oúnjẹ Ṣe Àyájọ́ Ìgbéyàwó Wọn ní Ọ̀yọ́

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún tọkọtaya tó fẹ́ kúrò nílé fún ọjọ́ méjì láti fi ṣe àyájọ́ ìgbéyàwó wọn, tí wọ́n sì fẹ́ kó jẹ́ pé oúnjẹ gan-an ni yóò gbé ìrìnàjò náà ró. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ á gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sun oorun ọ̀sán, wọ́n á wá múra ní alẹ́ lọ sí ibi ìjẹun òtẹ́ẹ̀lì náà, níbi tí wọn yóò ti gbé ìrẹsì àti adìyẹ dídín síwájú wọn, irú èyí tí wọ́n ń jẹ nílé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó bá jẹ́ pé ohun tó fẹ́ nìyẹn kò nílò láti wá sí Ọ̀yọ́. Ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí dúró lórí ìpinnu kan ṣoṣo, òun náà ni pé oúnjẹ pàtàkì tí ẹ fẹ́ fi ṣe àyájọ́ yín, ọ̀sán ni kí ẹ fi í sí. Ní ìlú yìí, ọ̀sán ni ìkòkò ń wà lórí iná, ọ̀sán ni gbẹ̀gìrì kò tíì kan, ọ̀sán náà sì ni ẹran tó dára kò tíì tán nínú ọbẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí jẹ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, ìṣẹ́kù ni púpọ̀ nínú rẹ̀, bó ti wù kí àwo tí wọ́n bù ú sí lẹ́wà tó.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mú ọjọ́ tí àwọn olóúnjẹ ń ṣiṣẹ́

Kò pọn dandan kí ẹ dúró ti ọjọ́ gan-an tí wọ́n so yín pọ̀. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá olóúnjẹ tó jẹ́ onígbàgbọ́ kì í ṣí rárá, àwọn tó bá sì ṣí, ìgbà tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni wọ́n ń dáná, tó fi jẹ́ pé agogo méjì lè lù kí ọbẹ̀ tó jinná. Ọjọ́ Sátidé ní wàhálà tirẹ̀, torí pé ọjọ́ òde ni. Ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ dùn jù ní àdúgbò lè ti gba iṣẹ́ oúnjẹ ìnáwó, kó sì fi ọbẹ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọọṣẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ kò burú, àmọ́ ẹ rántí pé Mùsùlùmí pọ̀ ní Ọ̀yọ́, ibi tí ẹ bá sì gbójú lé lè dá páropáro nígbà tí wọ́n bá lọ kírun Jímọ̀. Nínú oṣù Ràmàdánì, àwọn bùkà kan kì í ṣílẹ̀kùn títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà, ẹ yẹ kàlẹ́ńdà wò kí ẹ tó dá ọjọ́. Bí ẹ bá bi mí, Ọjọ́bọ̀ ni mo máa mú, kí ẹ lè jẹun àkọ́kọ́ ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ sì padà sílé ní ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ tún wo ìgbà nínú ọdún. Ọdún Ṣàngó, èyí tí UNESCO fi kún àwọn ohun àjogúnbá tó ń tọ́jú ní ọdún 2023, sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹjọ, yàrá òtẹ́ẹ̀lì sì máa ń ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ràn èrò àti ìlù lè wá, ẹni tó bá ń wá ìdákẹ́jẹ́ kó sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé iyán ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, kó mọ̀ pé iṣu tuntun tó ń jáde ní nǹkan bí oṣù keje ṣì lómi nínú, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe é gún. Iṣu tó ti gbó dáadáa, tó sì ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n wà á, ni iyán rẹ̀ ń fà bó ṣe yẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi àwọn ọmọ lé ẹni tó tó gbẹ́kẹ̀ lé, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́

Ti àwọn ọmọ kò le: ìyá àgbà, tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé nítòsí, ni kí ẹ kó wọn fún, kí ẹ sì fi owó oúnjẹ wọn sílẹ̀. Èyí tó le ni ti àwọn ẹbí tó wà ní Ọ̀yọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ ń bọ̀, wọ́n á ti gbé ìkòkò kaná kí ẹ tó dé Ìlọrà, kò sì sí bí ọmọ Yorùbá tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè wọ ilé àǹtí rẹ̀ kó ní òun kò jẹun. Ẹ ó jẹ níbẹ̀, ẹ ó tún jẹ nílé bùrọ̀dá tó wà ládùúgbò kejì, ìgbà tí ẹ bá fi máa dé ibi tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá, inú yín ti kún. Nítorí náà, ẹ má sọ fún wọn kí ẹ tó kúrò nílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun tán, kí ẹ wá yà kí wọn. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, kí ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ sì ní kí wọ́n bá yín di ìyókù. Wọ́n lè bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn sàn ju kí ẹ ba ọ̀sán náà jẹ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pín owó sí ọ̀nà rẹ̀

N kò ní dá iye kan fún yín, nítorí owó ọjà kì í dúró sójú kan. Bí ẹ ṣe máa pín owó náà ló ṣe pàtàkì: ẹ ya owó ọkọ̀ àti ti yàrá sọ́tọ̀, ẹ ya ti oúnjẹ ọ̀sán méjèèjì sọ́tọ̀, kí ẹ sì fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí ẹ máa rà lọ sílé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dín owó yàrá kù kí ẹ lè fi kún ti ẹran. Ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ béèrè bóyá owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, tó jẹ́ 7.5%, ti wà nínú iye tí wọ́n dá fún yín, kí ó má bàa jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde.

Ẹ mú owó bébà dání. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olóúnjẹ púpọ̀ ń gba owó láti orí fóònù nísinsìnyí, ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì kò bá dára, ẹ lè jókòó fún wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kí ìyá náà tó rí àlátì pé owó ti wọlé, ìjókòó bẹ́ẹ̀ a sì máa mú ìtìjú dání. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ nínú owó náà sí wẹ́wẹ́ nítorí àwọn onílù. Ọ̀yọ́ ni ẹ wà. Onídùndún lè yọ sí yín lẹ́nu ọ̀nà, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki yín kí ẹ tó jókòó. Ẹ fi owó náà lé e lọ́wọ́, ẹ má ná an mọ́ ọn lórí, ẹ má sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ kí ẹ tẹ̀ ẹ́, torí pé òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ kò sì kéré sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ rìn kí oòrùn tó mú

Ẹ gbọ́dọ̀ wọ Ọ̀yọ́ kí agogo mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá òwúrọ̀ tó lù, kí ẹ lè rí àyè gbé ẹrù sílẹ̀, kí ẹ fọ ojú, kí ẹ sì yan ibi tí ẹ máa jẹun. Láti Ìbàdàn, ìrìn náà kò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ. Àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú irin, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní ọdún 2021, nítorí pé Mónìyà ni ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn wà, apá ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ẹ kò ní láti wọ àárín ìgboro Ìbàdàn rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ọ̀nà yìí, ó lè jẹ́ ọ̀sán ni ẹ máa dé. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sinmi, kí ẹ sì sún oúnjẹ pàtàkì náà di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò kọ́kọ́ kàn, ó sì lè yí ètò tí mo là sílẹ̀ yìí padà sẹ́yìn, kó jẹun àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Lójú ọ̀nà, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Ọsàn tí wọ́n ń tà ní Fìdítì kò lè ṣe yín ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n búrẹ́dì, àkàrà àti ẹyin tí wọ́n ń nà sí fèrèsé ọkọ̀ yóò jí àyè tí ẹ ti ń pa mọ́ fún ọ̀sán. Ẹ mu ẹ̀kọ díẹ̀ nílé kí ẹ tó jáde, ó tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yan ilé oúnjẹ, kí ẹ sì bá ìyá olóúnjẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú

Pátákó ńlá tó ní iná kò sọ nǹkan kan nípa ọbẹ̀. Bí ẹ bá ti dé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí wọn kò mọ ara wọn, kí ọ̀kan jẹ́ ọlọ́kadà, kí ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, kí ẹ̀kẹta sì jẹ́ oníṣòwò nínú ọjà. Ẹ má bi wọ́n pé ibo ni àmàlà ti dùn, torí pé ojúlùmọ̀ wọn ni wọ́n máa dárúkọ. Ẹ bi wọ́n pé ibo ni àwọn fúnra wọn ti jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Orúkọ tí ẹ bá gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, bóyá wọ́n ń dà á nù kí wọ́n tó pọn òmíràn, tàbí omi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ látàárọ̀. Ẹ wo bóyá wọ́n ń ro àmàlà lọ́wọ́. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun yòókù lọ. Ibi tó dára, ẹ ó rí obìnrin kan tó jókòó ti ìkòkò ńlá lórí iná igi, tó fi aṣọ di ẹsẹ̀ méjèèjì nítorí ooru, tó ń da èlùbọ́ sínú omi tó ń hó pẹ̀lú ọwọ́ kan, tó sì ń fi ọwọ́ kejì ti omorogùn síwá sẹ́yìn títí kò fi ní sí kókó kankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bu omi díẹ̀ sí i, yóò bò ó kó sè, yóò sì tún un rò. Ibi tí ẹ bá débẹ̀ ní agogo mọ́kànlá tí wọ́n sọ fún yín pé àmàlà ti wà nílẹ̀ nínú kúlà látàárọ̀, ẹ kí wọn, kí ẹ sì máa lọ.

Bí ibẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ súnmọ́ ìyá náà, kí ẹ kí i dáadáa. Ẹ kò lè dá àyè sí bùkà bí ẹni ń dá yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ẹ lè dá ẹran sí. Kí ọkọ sọ pé: “Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ajé á wọ igbá. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ wá jẹun ní agogo méjìlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ ṣàkì àti ògúfe sọ́tọ̀ kó má bàa tán.” Ẹ san díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì tijú láti sọ fún un pé ọjọ́ ìgbéyàwó yín ni ẹ ń ṣe; ó máa ṣàdúrà fún yín, ó lè pe ọkọ ní “ọkọ mi” níwájú gbogbo èèyàn, ènì tí yóò fi sí i kò sì ní kéré. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi yín sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti sí ẹnu ọ̀nà tí àwọn tó ń ra oúnjẹ lọ sílé ń tò sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Oúnjẹ ọ̀sán fúnra rẹ̀

Yorùbá ti to oúnjẹ lẹ́sẹẹsẹ tipẹ́: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ètò yìí tẹ̀ lé e dé àyè kan. Ọkà, ìyẹn àmàlà, ni mo fi sí ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fi iyán sí ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo sì jẹ́ kí òwúrọ̀ àti alẹ́ fúyẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àmàlà àti iyán lọ́jọ́ kan náà, ara rẹ̀ ló máa sọ fún un.

Ẹ jókòó ní agogo méjìlá, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé ní agogo kan. Ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ abọ́ omi kan ni wọ́n gbé kálẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń tọwọ́ bọ̀, ẹ ní kí wọ́n bá yín pọn òmíràn. Nígbà tí wọ́n bá ń bu oúnjẹ, ẹ ní kí wọ́n gbé àmàlà tiyín sínú àwo pẹrẹsẹ kan ṣoṣo tí ẹ̀yin méjèèjì á jọ jẹ, kí ọbẹ̀ sì wà nínú abọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: gbẹ̀gìrì nínú ọ̀kan, ewédú nínú ọ̀kan, ọbẹ̀ ata àti ẹran nínú ẹ̀kẹta. Mo mọ̀ pé àbùlà ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, tí wọ́n máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti ìdí ìkòkò, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ wá síbí nítorí oúnjẹ, ó yẹ kí ẹ tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó fi ọwọ́ ara yín pò ó pọ̀, nígbà tí ọbẹ̀ bá sì ti wọra, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ èyí tó ti bàjẹ́.

Ẹ yẹ̀ wọ́n wò báyìí. Bí ẹ bá tú ọ̀rá ara àmàlà, èéfín gbọ́dọ̀ jáde. Bí ó bá jẹ́ omi ló so rọ̀ sínú ọ̀rá náà, tí àmàlà sì ti ń yọ̀ lábẹ́ ìka, ó ti pẹ́ nínú kúlà nìyẹn. Èyí tó dára máa ń fẹ́lẹ́, kò ní kókó, ó sì máa ń gé lọ́wọ́ láìlẹ̀ mọ́ ìka. Gbẹ̀gìrì ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n sè títí tó fi yọ́, ni. Kì í sì í pẹ́ kan bí ooru bá mú un, pàápàá bí wọ́n bá dé e mọ́lẹ̀ nígbà tó gbóná. Bí ẹ bá rí ìfófòó wẹ́wẹ́ létí abọ́, tàbí tí òórùn kíkan fẹ́ yín nímú, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìyá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bá yín jà. Ewédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìjábẹ̀ já máa ń ní àwọ̀ ewéko tútù, ó sì máa ń fà láti inú abọ́ dé ẹnu, ṣùgbọ́n èyí tó ti pẹ́, tàbí tí kán-ún rẹ̀ pọ̀ jù, á ti dúdú, á sì ti dà bí omi.

Ní ti ẹran, ṣàkì tó jinná yẹ kó ṣe é fi ehín gé láìfà á. Ògúfe dára bí wọ́n bá sè é dénú, àmọ́ ẹ má gba egungun lásán. Ẹni tó bá fẹ́ràn fùkù àti àbọ̀dì, kó gbà á nígbà tí ọ̀sán ṣì mọ́, torí pé àwọn ló máa ń kọ́kọ́ tán. Ìgbín wọ́n, ó sì yẹ kí ẹ béèrè owó rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú abọ́. Gbogbo ilé Yorùbá ló mọ ẹni tí ẹran tó tóbi jù máa ń bọ́ sí iwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí ìyàwó kọ́kọ́ mú. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, kí ó sì yá, nítorí àmàlà tó tutù kò ní àtúnṣe.

Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru mọ̀ pé iyọ̀ àti magí máa ń pọ̀ nínú ọbẹ̀ ata bùkà, kó sì bu ìwọ̀nba díẹ̀ sórí ewédú tirẹ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú lè sọ pé kí wọ́n bu ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ kò le fún òun bí ó bá wà. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ayọ̀ ọjọ́ náà mú òun gbàgbé rẹ̀ sílé. Àmàlà kékeré pẹ̀lú ewédú púpọ̀ àti ẹja ni mo máa gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn. Bí ó bá jẹ́ omi inú ọ̀rá ni ẹ máa mu, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ emu ọ̀pẹ, ọ̀sán yìí ni àyè rẹ̀, torí pé èyí tí wọ́n dá lówùúrọ̀ ṣì máa ń dùn, kí ìrọ̀lẹ́ tó dé á ti le.

Ẹ má kánjú dìde. Nígbà tí ẹ bá fọ ọwọ́ tán, ẹ san owó tó kù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ro àmàlà náà, kì í ṣe ẹni tó gbé e wá nìkan, kí ẹ sì fi nǹkan díẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́

Èyí kò gbà wá lásìkò. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí ẹbí, tí ẹ sì ti sinmi, ẹ lè rìn gba ẹ̀gbẹ́ ààfin kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́nu géètì, kí ẹ sì múra bí ẹni tó ń lọ síwájú ọba. Sùyà tàbí ẹja arọ̀ yíyan tí ẹ jọ pín, pẹ̀lú èso, ti tó fún alẹ́. Ẹ̀bùn tí ẹ bá rà fún ara yín àti ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ sọ, ìgbà yìí ni kí ẹ fi sí, torí pé ìyàrá òtẹ́ẹ̀lì dákẹ́ ju bùkà lọ, àfi bí ẹ bá gbàgbé láti béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wọn wà àti agogo tí wọ́n ń pa á.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ọjọ́ kejì, láti Akẹ̀sán dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jí ní kùtùkùtù, kí ẹ mu ògì gbígbóná pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín. Bí ẹ bá lè rí mọ́ínmọ́ín eléwé, ẹ má gba ti inú ọ̀rá tàbí ti inú agolo, nítorí pé ewé náà máa ń fi òórùn tirẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọjà Akẹ̀sán lọ. Iná jó ọjà yìí ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n sì ti tún un kọ́, ṣùgbọ́n ọjà ọba náà ló ṣì jẹ́. Igbá fífín Ọ̀yọ́ yẹ fún ẹ̀bùn àyájọ́, torí pé ẹ lè ní kí oníṣẹ́ ọnà náà fín orúkọ yín sí i; ẹ sọ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kó tó di ọjọ́ kejì tí ẹ máa gbà á.

Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ sí Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi kìlómítà yẹn díwọ̀n àkókò, nítorí pé ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ lójú ọ̀nà náà, tírélà kan tó bá sì kú sí àárín títì lè dá gbogbo ọkọ̀ dúró. Ẹ kúrò ní Ọ̀yọ́ kó tó di agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀. Oríkì ìlú náà sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ; bí ikùn yín bá gbà á, ẹ lè fo ògì Ọ̀yọ́, kí ẹ sì dán èyí wò. N kò ní dá yín lẹ́bi bí ẹ bá kọ̀, torí pé iyán ló kù.

Iyán, etí ni ẹ máa kọ́kọ́ fi yan ibi tí ẹ máa jẹ ẹ́. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ìró odó láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ yà síbẹ̀. Ẹ béèrè tààrà bóyá iyán odó ni tàbí pòǹdó, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ lè dúró kí wọ́n gún èyí tó tún gbóná. Ẹ̀fọ́ rírò tàbí ẹ̀gúsí ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ bí ẹ bá jẹ ẹ́. Ní àgbègbè Under G, nítòsí yunifásítì LAUTECH tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, oúnjẹ kì í wọ́n, àmọ́ ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wà ní ìsinmi, púpọ̀ nínú àwọn ibẹ̀ kì í dáná. Àárín ìlú ni mo máa lọ ní tèmi. Bí ẹ bá wá láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, máńgòrò yóò wà káàkiri, kò sì sí oúnjẹ àjẹtẹ̀lé tó dùn jù ú lọ lẹ́yìn iyán. Ẹ tún lè ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní tó ń fi ewé bomubomu mú un dì. Ẹ dín in tàbí kí ẹ sè é kí ẹ tó jẹ ẹ́, torí pé ẹ kò mọ omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ohun tí ẹ máa rà, àti ìpadàbọ̀

Ẹ ra èlùbọ́ lọ sílé, ṣùgbọ́n ẹ má kánjú gbà á. Iṣu tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí wọ́n jẹ́ kó sùn sínú omi náà, kí wọ́n tó sá a gbẹ, ni èlùbọ́ gidi. Ẹ fi díẹ̀ sí ahọ́n: bí ó bá ń ṣe kẹrẹkẹrẹ lábẹ́ ehín, yanrìn wà nínú rẹ̀. Bí ó bá funfun jù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti po láfún mọ́ ọn. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó bu kò fara pamọ́ fún imú. Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù nínú bùùtù, torí pé èlùbọ́ tètè máa ń fa òórùn. Kí agogo mẹ́ta ọ̀sán tó lù, ẹ ti gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà, pàápàá bí ẹ bá ní láti padà gba Ọ̀yọ́ kọjá lọ sí Ìbàdàn, kí ilẹ̀ má bàa ṣú bá yín láàárín àwọn tírélà.